Oúnjẹ, Ewu Rẹ̀ àti Ẹ̀rọ̀ Rẹ̀

Ìwé ìlera kan wà tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, tí wọ́n sì ya àwòrán sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní àríwá Ítálì ní nǹkan bí ọdún 1390. Ojú ewé kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìbínú. Kì í ṣe àìsàn tí ìbínú ń fà ni mo ń wí o, ìbínú fúnra rẹ̀ ni. Wọ́n ní ohun tó ń jẹ́ ìbínú ni kí ẹ̀jẹ̀ máa hó nínú ọkàn. Wọ́n ní ó ń ran ẹni tí ara rẹ̀ ti rọ lọ́wọ́, àti ẹni tí ẹnu rẹ̀ ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ewu rẹ̀ ni pé ó lè ti èèyàn sí ìpinnu tí kò tọ́. Ẹ̀rọ̀ rẹ̀ sì ni ìwà pẹ̀lẹ́ tí ọgbọ́n ń kọ́ni.

Mo ka ibẹ̀, mo tún un kà. Ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ń pe ìbínú ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mo dàgbà sí. Orí WhatsApp ni mo ti mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru. N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti kọ àǹfààní rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó kọ ewu rẹ̀. Ìwé kan náà ló to áyù, wàràkàṣì, yìnyín, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti àríwá, aṣọ onírun àgùntàn, oorun, ijó àti ìbálòpọ̀ lọ́nà kan náà. Kódà, ó ní àyè fún ẹni tó ń sọ ìtàn fún èèyàn lálẹ́ kí oorun tó gbé e lọ. Nítorí náà ẹ má fojú di àlọ́ mọ́, ìṣègùn ni.

Tacuinum Sanitatis ni orúkọ ìwé náà. Àwọn ẹ̀dà aláwòrán rẹ̀ tó ṣẹ́kù wà ní Párísì, Vienna, Róòmù, Liège àti Rouen. Èyí tó wà ní ilé ìkàwé ìjọba Faransé ni mo kọ́kọ́ rí, torí wọ́n ti ya gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìtàn igbá ni mo ń wá kiri lọ́jọ́ náà, igbá lásán tí a fi ń bu omi, òun ló mú mi débẹ̀. Màá padà sórí igbá.

Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ìwé yìí kì í ṣe ará Ítálì, kò sì ya àwòrán kankan sí i. Ibn Butlan ni wọ́n ń pè é. Oníṣègùn ni ní Bàgídádì, Kìrìsìtẹ́nì tó ń gbé láàárín àwọn Mùsùlùmí, tó sì ń fi èdè Lárúbáwá kọ̀wé. Ní 1049 ó kúrò ní Bàgídádì, ó gba ilẹ̀ Síríà kọjá, ó bọ́ sí Káírò. Níbẹ̀ ló ti ko Ibn Ridwan, oníṣègùn ńlá ilẹ̀ Íjíbítì, ọmọ tálákà tí kò rí owó san fún ọ̀gá, tó fi ìwé kọ́ ara rẹ̀ títí tó fi di ẹni tí ọba ń pè. Àwọn méjèèjì kò mọwọ́ ara wọn rárá. Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ló ń pa mí lẹ́rìn-ín: wọ́n ń jiyàn pé láàárín òròmọdìẹ àti ọmọ ẹyẹ, èwo ni ara rẹ̀ gbóná jù. Orí èyí ni àwọn àgbà oníṣègùn méjì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé ránṣẹ́ síra wọn, tí èébú fi wọ̀ ọ́. Ibn Butlan wo ojú ọ̀gbẹ́ni náà, tí kò fi bẹ́ẹ̀ dára, ó sọ ọ́ lórúkọ: Ọ̀nì Àwọn Àǹjọ̀nnú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gidi wà lábẹ́ èébú yẹn. Ibn Butlan sọ pé ẹni tó kọ́ ìmọ̀ lẹ́nu olùkọ́ yóò mọ̀ ọ́n ju ẹni tó kọ́ ọ nínú ìwé nìkan, ó sì to ìdí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó kọ́ṣẹ́ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì nílẹ̀ wa tí yóò bá a jiyàn. Ibi tó ti wá dùn ni pé ọkùnrin kan náà ló jókòó ṣe ìwé tí kò nílò olùkọ́ kankan. Ó fa ilà, ó pín ojú ewé sí àpótí bí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ti ń pín kàlẹ́ńdà wọn. Tábìlì 40 ló ṣe, nǹkan méje nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 280, àpótí 15 sì wà fún nǹkan kọ̀ọ̀kan. Ó sọ nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀ pé àlàyé jàǹràn-jànran àwọn onímọ̀ ti sú aráyé, pé èrè tó wà nínú ìmọ̀ ni wọ́n ń wá, kì í ṣe àríyànjiyàn tó bí i. Ẹni tó ti fi òròmọdìẹ jà ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o.

Ó kúrò ní Káírò, ó dé Kọnstantinópù ní 1054, ọdún tí ìjọ ìlà-oòrùn àti ti Róòmù pínyà. Àjàkálẹ̀ àrùn wà nílùú, àwọn bíṣọ́ọ̀bù sì ń jà lórí irú búrẹ́dì tó yẹ fún ìdàpọ̀ mímọ́. Wọ́n ní kí òun náà kọ̀wé sí i, ó kọ ọ́. Ilé àwọn mọ́ńkì ní Áńtíókù ló parí ayé rẹ̀ sí.

Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí títí mo fi dé ìdí ìwé mìíràn tó kọ. Ìwé náà ń kọ́ni bí a ṣe ń ra ẹrú: bí a ṣe ń yẹ ara wọn wò, ẹ̀tàn tí àwọn oníṣòwò ń lò, àti ìwà tó ní ó jẹ́ ti ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, tó fi kan àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú láti ilẹ̀ Áfíríkà. Ọwọ́ kan náà ló fi kọ ọ́. Ọgbọ́n tó fi ń sọ irú áyù tó dára àti èyí tí kò dára náà ló fi ń sọ irú èèyàn tó dára fún iṣẹ́ ilé. Mi ò lè kọ̀wé nípa rẹ̀ fún àwa tí a jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí kí n fi ìyẹn pamọ́. Mi ò sì ní torí rẹ̀ pa ìwé oúnjẹ dé.

Ìpìlẹ̀ ìṣègùn wọn nìyí. Láti ayé Galen, oníṣègùn Gíríìkì àtijọ́, ni wọ́n ti gbà pé omi mẹ́rin ló ń ṣàn nínú ara: ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, òróòro pupa àti òróòro dúdú. Gbogbo ohun tó wà láyé ló gbóná tàbí tó tutù, tó gbẹ tàbí tó lómi, láti ipò kìíní dé ìkẹrin. Bí àwọn omi mẹ́rin bá bára mu, ara le. Ohun mẹ́fà ló wà ní ìkáwọ́ èèyàn láti fi mú wọn bára mu: afẹ́fẹ́ tó ń mí, ohun tó ń jẹ àti èyí tó ń mu, iṣẹ́ àti ìsinmi, oorun àti àìsùn, ohun tí ara ń tú dànù àti ohun tó ń dá dúró, àti bí ọkàn ṣe rí. Ẹ ò rí i pé oúnjẹ kàn jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́fà ni.

Láàárín 1258 sí 1266, nígbà tí Manfred jẹ ọba ní Sísílì, wọ́n yí ìwé náà sí èdè Látìnì ní ààfin rẹ̀. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kọjá kí ìwé náà tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ayàwòrán Lombardy ní àríwá Ítálì, lábẹ́ ìdílé Visconti tó ń ṣàkóso Mílánì. Àwọn onímọ̀ so iṣẹ́ náà mọ́ Giovannino de' Grassi àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀dà tó wà ní Párísì jẹ́ ti Verde Visconti, ọmọbìnrin olùṣàkóso Mílánì tí wọ́n fẹ́ fún Díúkì Austria.

Àwọn ayàwòrán wọ̀nyí yí ìwé náà padà. Tábìlì lọ, àwòrán dé. Àwòrán gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ojú ewé, ọ̀rọ̀ wá dín kù sí ìlà mélòó kan nísàlẹ̀: irú ohun tí nǹkan náà jẹ́, èyí tó dára jù nínú rẹ̀, àǹfààní rẹ̀, ewu rẹ̀, ẹ̀rọ̀ ewu náà, àti irú ara, ọjọ́ orí, ìgbà àti ilẹ̀ tó bá mu. Awọ ẹran ni wọ́n kọ ọ́ sí, èyí tí wọ́n rẹ sínú omi ẹfun, tí wọ́n fá irun rẹ̀, tí wọ́n wá nà gbọnrangandan lórí igi bí onílù ṣe ń na awọ ewúrẹ́. Nínú irú ìwé olówó iyebíye bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà, àwọ̀ búlúù tó dára jù ń ti orí òkè Afghanistan wá. Ẹni tó ní irú ìwé yìí kò ní oríṣi ìṣòro tí mẹ̀kúnnù ní pẹ̀lú oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ ká wo ojú ewé kan dáadáa, ti pasta, nínú ẹ̀dà Vienna. Obìnrin méjì ló wà nínú yàrá. Ọ̀kan dúró nídìí tábìlì, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì po ìyẹ̀fun. Èkejì ń sá pasta tútù náà sórí igi kí ó lè gbẹ, ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí sùpàgẹ́tì tí à ń rà lọ́jà. Ìlà tó wà nísàlẹ̀ sọ pé ó gbóná, ó sì lómi, ní ipò kejì. Èyí tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe ló dára jù. Ó dára fún àyà àti ọ̀fun. Ó ń pa ìfun tí kò lágbára lára. Ẹ̀rọ̀ rẹ̀ ni ọkà báálì tí wọ́n fi ṣúgà sí. (Àwọn tó ń pariwo pé Marco Polo ló gbé e bọ̀ láti Ṣáínà, ẹ sọ fún wọn pé ní 1154, ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó bí Marco Polo, al-Idrisi, onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ń ṣe é ní Trabia ní Sísílì, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o lọ tà.)

Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé àwọn obìnrin yẹn kò ṣàìsàn. Bí ẹ bá ń ṣí ìwé náà lọ, ekukáká lẹ ó fi rí aláìsàn. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ló kún ibẹ̀: ẹni tó ń hú áyù, ẹni tó ń gé wàràkàṣì fún oníbàárà, ẹni tó ń kórè, ẹni tó ń pa ẹran. Ẹni tó ń kàwé kò sí nínú àwòrán, àyàfi bí olówó kan bá ń rìn gbẹ̀fẹ́ lọ nínú ọgbà òdòdó róòsì. Nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ni àjàkálẹ̀ àrùn 1348 ti pa ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ará Yúróòpù, kò sì tíì tán lára wọn, ó ń padà wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí àmì rẹ̀ nínú àwọn àwòrán yìí. Mi ò rò pé oníṣègùn kankan ń gbé e lọ́wọ́ wo aláìsàn. Ìwé ìgbádùn ni fún àwọn tó fẹ́ràn láti máa wo bí ayé ì bá ṣe rí ká ní gbogbo nǹkan wà níbi tó yẹ kó wà, tí òṣìṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín, tí igi ń so.

Igbá wá nìyí. Àwọn ayàwòrán náà ya igbá bó ṣe so rọ̀gbọ̀dọ̀ láti orí àtíbàbà, aláwọ̀ ewé, ọlọ́rùn gígùn. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Òun náà ni à ń gbẹ́ inú rẹ̀, tí a fi ń ṣe kèrègbè, àdó àti ahá. Ilẹ̀ Áfíríkà ló ti wá, ó sì ti dé Éṣíà àti Amẹ́ríkà kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ará Ítálì ń jẹ ẹ́ ní tútù. Wọ́n ní ó tutù, ó lómi, ó ń pa òùngbẹ, ewu rẹ̀ ni pé ó tètè ń já sí ìgbẹ́ gbuuru, ẹ̀rọ̀ rẹ̀ sì ni omi iyọ̀ àti mọ́sítádì. Àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn bíi Daunay, Janick àti Paris ti lo àwọn àwòrán wọ̀nyí láti fi mọ irú èso tó wà nílẹ̀ Yúróòpù nígbà náà, nítorí ayàwòrán tó dára kò mọ irọ́ í pa nípa ewé.

Ẹ̀wà ń kọ́? Irú ẹ̀wà kan tí Yúróòpù ń jẹ kí Columbus tó wọ ọkọ̀, tiwa ni. Albertus Magnus, onímọ̀ ará Jámánì ní ọ̀rúndún kẹtàlá, júwe rẹ̀ pẹ̀lú ojú dúdú tó wà lára rẹ̀. Ẹ̀wà olójú dúdú yìí náà ni a fi ń ṣe àkàrà, Áfíríkà ló sì ti wá. Àwọn olówó Párísì sì ń fi ataare sínú ọbẹ̀ wọn láyé ìgbà náà. Aginjù Sàhárà ló gbà dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ọkọ̀ Potogí kankan tó fojú kan etíkun wa. Ohun tí kò sí nínú ìwé náà náà tún ń sọ̀rọ̀: kò sí tòmátì nínú ìwé àwọn ará Ítálì! Kò sí ata rodo, kò sí àgbàdo, kò sí ọ̀dùnkún. Ká sòótọ́, ní 1390 kò sí wọn ní ilé ìdáná tiwa náà. Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá. Ìgbà tí ẹnì kan bá tún sọ fún mi pé ọbẹ̀ ata wà láti ìwáṣẹ̀, màá béèrè irú ata tó ń wí.

Mándírékì pẹ̀lú wà níbẹ̀, ewéko tí Rákẹ́lì àti Léà torí èso rẹ̀ ná ọkọ lọ́jà nínú Jẹ́nẹ́sísì. Wọ́n so ajá mọ́ ọn kí ajá lè fà á tu, torí wọ́n gbà pé ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ tu ú yóò kú. Òórùn rẹ̀ wúlò fún orí fífọ́ àti àìrí oorun sùn, wọ́n ní. Ajá náà ni kò sẹ́ni tó bi í léèrè.

Nígbà tí ìfúnpá màmá mi ga, ọsibítù kan fún wọn ní ìwé pélébé kan. Ìlà méjì ló wà nínú rẹ̀: ohun tí wọ́n lè jẹ, ohun tí wọn kò gbọdọ̀ jẹ. Ìlà kejì gùn dé ẹ̀yìn ìwé. Iyọ̀, ẹran pupa, ìyán, ẹ̀bà, epo, ẹyin. Màmá mi kà á tán, wọ́n bọ́ jígí ojú wọn, wọ́n ní, “Wọn ò kọ afẹ́fẹ́ sí i?” Láti ọjọ́ náà, gbogbo ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó wà nínú ẹgbẹ́ ìdílé lórí fóònù ló ń fi tiwọn ṣọwọ́. Ti òní ní ẹ má fẹnu kan ọ̀pọ̀tọ́, ti ọ̀la ní ọ̀pọ̀tọ́ ni ìwòsàn. Ìbẹ̀rù ló gbé gbogbo wọn dúró. Màmá mi ń jẹ ìyán ní kọ̀rọ̀ bí ọmọdé tó jí ẹran nínú ìkòkò.

Ìgbà yẹn ni mo rí ohun tí ìlà ẹ̀rọ̀ nínú ìwé Ibn Butlan ń ṣe. Kò sí ohun tó fòfin dè. Áyù gbóná ní ipò kejì, ó gbẹ ní ipò kẹta, ó dára fún májèlé tútù, ó ń pa aràn, ó ń yọ ọpọlọ lẹ́nu, ẹ fi ọtí kíkan àti òróró jẹ ẹ́. Òdòdó róòsì ń fọ́ àwọn kan lórí, ẹ fi káńfọ̀ sí i. Omi yìnyín ń mú kí oúnjẹ dà, ó sì ń fa ikọ́, ẹ kọ́kọ́ mu nǹkan díẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà ló tó béèrè pé ta ni ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́: ọ̀dọ́ ni àbí arúgbó, ìgbà òtútù ni àbí ìgbà ooru, apá ibo láyé ló ń gbé? Ẹni tó ń jẹun ló fi ṣe ìdí ọ̀rọ̀, kì í ṣe oúnjẹ nìkan. Àwọn ìyá wa pàápàá mọ ọ̀nà yìí. Wọ́n á ní adùn ń fa jẹ̀díjẹ̀dí, wọ́n á sì ti gbé àgbo jẹ̀díjẹ̀dí kaná kí ọmọ tó jẹ súwíìtì tán.

Mi ò sọ pé ẹ̀kọ́ nípa omi mẹ́rin jẹ́ òótọ́ o. Kì í ṣe òótọ́. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi ń da ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lára aláìsàn fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ó sì pa àwọn tí ìbà ì bá fi sílẹ̀. Ìwé náà tún sọ pé áyù wúlò fún ẹni tí àkéekèé ta àti ẹni tí paramọ́lẹ̀ ṣán. Ẹni tí paramọ́lẹ̀ bá ṣán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi áyù sílẹ̀, kó máa lọ sí ọsibítù. Iyọ̀ ń mú ìfúnpá ga lóòótọ́, ìwé pélébé màmá mi kò parọ́. Ohun tí wọ́n gé kúrò nínú rẹ̀ ló ń dùn mí. Ọdún yẹn kò tíì parí tí a fi rí ọ̀dọ́bìnrin onímọ̀ oúnjẹ kan tó jókòó ti màmá mi, tó bi wọ́n pé ìyán yẹn, báwo ló ṣe tóbi tó, ọbẹ̀ wo ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, aago mélòó? Ó ní kí wọ́n dín òkèlè kù, kí wọ́n fi ẹ̀fọ́ kún un, kí wọ́n yéé da mágì sí i, kí wọ́n jẹ ẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Ìlà márùn-ún inú Tacuinum ló kà fún wọn láìmọ̀.

Ní 1531, Johann Schott tẹ ìwé Ibn Butlan jáde ní Strasbourg, wọ́n sì tẹ ẹ́ ní èdè Jámánì ní 1533. Tábìlì padà dé. Àwòrán Hans Weiditz wá di tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìsàlẹ̀ ojú ewé, méje méje lórí ìlà kan, kéékèèké. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti sọ ọ́ di ohun tí oníṣòwò lè rà. Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, èyí ni màá mú fún ilé ìdáná, màá sì gbé ti Verde Visconti sí pálọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wo ti Verde, ẹ wọ Gallica, ibi tí ilé ìkàwé ìjọba Faransé kó ìwé wọn sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ “Nouvelle acquisition latine 1673”, ọ̀fẹ́ ni, dátà nìkan lẹ ó ná. Ẹ wá ojú ewé igbá. Ẹ má fi í han ìyá yín tí ìfúnpá wọn ga kí ẹ tó ka ìlà tó wà nísàlẹ̀ tán, torí wọ́n á béèrè ibi tí ti ìyán wà.